Àwòrán Oòrùn ti SDO: Ohun Tí A Rí Nínú Rẹ̀ ní Kíláàsì Wa ní Àkúrẹ́

Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí mo ti ń fi àwòrán oòrùn tí àjọ NASA ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní físíìsì, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí nípa rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ àti òbí tí wọ́n lè fẹ́ lò ó. Solar Dynamics Observatory, tí wọ́n ń gé kúrú sí SDO, ni orúkọ sátẹ́láìtì tí ó ń ya àwọn àwòrán náà. A kì í san owó kankan, a kì í fi orúkọ sílẹ̀, dátà orí fóònù nìkan ni ó ń ná wa.

Ẹni tí ó bá mọ Àkúrẹ́ ní oṣù keje mọ̀ pé ìkùukùu lè bo ojú ọ̀run fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí a má rí oòrùn. Bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku a sọ ọ́ di àwo pupa kan tí ojú lè tẹ̀ mọ́, àwọn ọmọdé a sì rò pé kò sí ewu níbẹ̀. Ewu wà níbẹ̀, nítorí pé oòrùn lè ba ẹyinjú jẹ́ láìdun ẹni tí ó ń wò ó rárá. Ìdí àkọ́kọ́ tí mo fi wá iṣẹ́ yìí rí nìyẹn: ó jẹ́ kí ọmọ wo oòrùn láìtẹjú mọ́ oòrùn.

Ojú ewé SDO lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi àwòrán tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé hàn ní oríṣiríṣi àwọ̀, ènìyàn sì lè mú ìwọ̀n tí agbára íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá gbé, láti píksẹ́ẹ̀lì 512 títí dé 4096. Èyí tí ó jẹ́ 1024 ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn, nítorí pé ó tètè ń wọlé, ó sì mọ́ kedere lórí fóònù. Mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ pé àwọ̀ wúrà, pupa àti àwọ̀ ewé tí wọ́n ń rí kì í ṣe àwọ̀ oòrùn gan-an. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ni sátẹ́láìtì náà fi ń ya àwọn àwòrán aláwọ̀ wọ̀nyí, ojú ènìyàn kò sì lè rí i. Afẹ́fẹ́ ayé kì í tilẹ̀ jẹ́ kí èyí tí ó lágbára jù nínú rẹ̀ dé ilẹ̀. Àwọ̀ tí a fi kùn ún ni ó ń jẹ́ kí a dá ooru kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.

Èyí tí ó wúlò jù fún wa ni àwòrán tí ó ń fi àwọn àmì dúdú ojú oòrùn hàn. A máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọtokópì, a ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, a ó sì sàmì sí ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà. Lójoojúmọ́ ni àwọn àmì náà ń sún, tí àwọn ọmọ fi rí i fúnra wọn pé oòrùn ń yí, àti pé ó ń gbà á ní nǹkan bí ọjọ́ 27 kí ó tó yí tán lójú àwa tí a wà ní ayé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ìjì oòrùn tí a kò rí irú rẹ̀ láti ọdún 2003 kọlu ayé, àgbájọ àmì dúdú tí ó fà á wà lórí bébà wa. Ìbú rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́wàá ìbú ayé. Kíláàsì náà dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí mo fi ìbú ayé wé e lórí pátákó.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí n fọkàn tán àwọn àwòrán yìí ni bí wọ́n ṣe kọ́ sátẹ́láìtì náà àti bí wọ́n ṣe dán an wò, ó sì dùn mọ́ mi pé NASA fi fọ́tò àti àlàyé iṣẹ́ náà síta fún gbogbo ènìyàn. Ní ibùdó Goddard ní Greenbelt, ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó gbé: AIA, tí ó ní awò-awọ̀nàjíjìn mẹ́rin tí ó fi ń ya àwọn àwòrán aláwọ̀, wá láti ilé-iṣẹ́ Lockheed Martin ní California, Yunifásítì Stanford ni ó ṣe agbátẹrù HMI, tí ó ń ya àwọn àmì dúdú, EVE, tí ó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀ ultraviolet oòrùn, sì wá láti Yunifásítì Colorado. Lẹ́yìn tí wọ́n tò wọ́n tán, wọn kò sáré gbé e lọ sí òfuurufú. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tí ó ń mi nǹkan jìgìjìgì bí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ṣe mì ín, wọ́n tún fi ariwo bí ariwo rọ́kẹ́ẹ̀tì lù ú nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í mọ́ inú yàrá ńlá kan tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n ń mú un gbóná, tí wọ́n tún ń mú un tutù, léraléra.

Ìdánwò tí ó kẹ́yìn yìí ni mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ooru kò rí ohun tí yóò gbé e kúrò lára nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí oòrùn yóò máa jó, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò máa dì, irin yóò máa fẹ̀, yóò máa sún kì, wáyà tí wọn kò so dáadáa yóò sì já. Mẹ́káníìkì ní Àkúrẹ́ tí ó bá tún ọkọ̀ ṣe tán a wà á lọ sí ọ̀nà Ìdànrè, kí ó lè mọ̀ bóyá yóò gun òkè. Bí ọkọ̀ náà bá kú sójú ọ̀nà, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a sì mú sípánà. SDO wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 sókè, kò sì sí ẹni tí yóò mú sípánà lọ bá a níbẹ̀. Gbogbo àìdára tí ó bá ní, inú yàrá Maryland ni ó gbọ́dọ̀ ti fara hàn.

Ní oṣù keje ọdún 2009 ni wọ́n gbé e dé Florida. Afẹ́fẹ́ líle dá wọn dúró ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2010, rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas V sì gbé e lọ ní ọjọ́ 11. Ọdún márùn-ún ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún un, ó sì ti lé ní ọdún 15 báyìí tí ó ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ohunkóhun kò bàjẹ́, nítorí pé apá kan lára EVE dá iṣẹ́ dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ojú àwọn awò rẹ̀ náà sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé wọ́n ń rán rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré lọ sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí wọ́n lè fi ṣàtúnṣe òǹkà rẹ̀. Ìdánwò náà kò tíì parí títí di òní.

Mo máa ń fi ìtàn Parker Solar Probe, ọkọ̀ òfuurufú NASA tí ó ń sún mọ́ oòrùn, tí ó gbéra ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, kún un. Láti dán ẹ̀rọ rẹ̀ kan wò, èyí tí ó ń gba afẹ́fẹ́ oòrùn (àwọn ohun tíntìntín tí oòrùn ń tú jáde), ńṣe ni wọ́n kó ẹ̀rọ sinimá IMAX mẹ́rin jọ, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn sí i lára bí ẹni pé oòrùn ni. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé èyí.

Wọn kì í sì gbàgbé sátẹ́láìtì kékeré tí ń jẹ́ Nigeria EduSat-1, nítorí pé ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ni, ojoojúmọ́ sì ni àwọn kan nínú wọn ń gba ẹnu géètì FUTA kọjá. Àpótí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá níbùú lóròó ni. Yunifásítì Kyushu Institute of Technology ní Jàpáánù ni wọ́n ti kọ́ ọ tí wọ́n sì ti dán an wò, ó sì wọ òfuurufú ní ọdún 2017. Kì í ṣe oòrùn ni ó ń wò nígbà tí ó ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n irú ìmìjìgì àti irú yàrá aláìlafẹ́fẹ́ kan náà ni sátẹ́láìtì kékeré ń là kọjá.

Mo ní àwọn ohun kan tí n óò fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Aago UT ni wọ́n ń kọ sára àwòrán, ó sì fi wákàtí kan dín sí tiwa, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ṣi àkókò kọ. Ní ìgbà méjì lọ́dún, ní àyíká oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ayé máa ń dí sátẹ́láìtì náà lójú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè tó ìṣẹ́jú 72 lójúmọ́. Àkókò yẹn bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ wa gẹ́lẹ́! Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé, àwòrán dúdú ni mo gbé síwájú ọmọ ogójì, mo sì rò pé fóònù mi ni ó bàjẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, omi ya wọ ilé tí wọ́n ń kó dátà AIA àti HMI pamọ́ sí ní Stanford, ó sì pẹ́ kí gbogbo nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, ẹ máa fi àwòrán pamọ́ sórí fóònù yín, ẹ má dúró de ọjọ́ kíláàsì.

Helioviewer, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ó ń jẹ́ kí a mú ọjọ́ tí a bá fẹ́ kí a sì fi àwòrán ṣe fídíò, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo fún fóònù kékeré. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi lò ó.

Gẹ̀ẹ́sì àti òǹkà ni gbogbo àkọlé wọn, ọmọ tí ó rí 171 tàbí 304, tí ó jẹ́ òǹkà gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ya àwòrán, kò sì lè mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. A ti kọ àlàyé tiwa ní Yorùbá sórí káádíbọ́ọ̀dù, ìlà kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó. Ìlà fún 304 kò tíì tẹ́ àwọn ọmọ lọ́rùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tún un kọ.