Bọ̀dá tó ń ta kámẹ́rà lábẹ́ bíríjì Ṣágámù: ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó ka èyí

Ẹ̀yin tá a jọ ń ya fọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìkẹ́nnẹ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá kámẹ́rà kí Ojúde Ọba tó dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀. Ọjà ọ̀pọ̀ ló tàn mí, mi ò ní purọ́.

Nikon D7000 ni mo ń wá. Ọdún 2010 ló jáde, owó ẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ní mọ́tò kékeré nínú tó ń yí fókọ́ọ̀sì, kí àwòrán lè hàn kedere, fún àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́, ibẹ̀ ni mo rò pé màá ti rí owó dá sí. Gbogbo ibi tí mo béèrè, ₦300,000 sókè pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm. Bọ̀dá yìí ní ₦210,000, ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Jámánì ni, pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò tíì fi ya ju fọ́tò 5,000 lọ. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ní a mọ owó ṣọ́, mo sáré.

Aago méje ìrọ̀lẹ́ la pàdé, òjò ti ṣú, ó ní ọkọ̀ Bìní tí òun fẹ́ wọ̀ ti fẹ́ gbéra. Ó tàn án, iná wá, àmọ́ káàdì ò sí nínú ẹ̀, ó ní wọn kì í fi káàdì ránṣẹ́ láti òkè òkun. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kà, inú mi dùn, rọ́bà ara ẹ̀ sì mọ́ rekete. Rọ́bà yẹn gan-an ló yẹ kó ta mí lólobó! Kámẹ́rà tó ti pẹ́ tó yẹn, rọ́bà ẹ̀ á ti máa wú tàbí kó máa ṣí. Ìgbà tí mo délé tí mo gbé e sábẹ́ iná ni mo rí gúlúù tó ṣàn jáde létí ihò okùn ọrùn, tí orí skúrù mẹ́ta nísàlẹ̀ sì ti bó, ẹnìkan ti tú u rí.

Mo ki káàdì tèmi bọ̀ ọ́, mo ya ìyàwó mi ní kíṣìnì, mo gbé fọ́tò yẹn sórí kọ̀ǹpútà. Nikon máa ń kọ iye tó ti yà sínú fáìlì, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ ExifTool á kà á fún yín. 187,412! Ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń pa dé nígbàkigbà téèyàn bá ya fọ́tò, Nikon ní àwọn dán an wò dé 150,000. Ọjọ́ kejìlá ló dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Ìpẹ́rù, ìyàwó ń jó wọlé lọ́wọ́.

Lẹ́ǹsì ńkọ́? Mo yí rọ́ńgù ẹ̀ sí 1.8 kí ojú inú ẹ̀ lè là, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn, fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ta síbẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, irú èyí tó ń bu lára búrẹ́dì. Tẹ́ ẹ bá kàn wò ó lójú lásán, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi náà ti ra 50mm AF-D, lẹ́ǹsì àtijọ́ tí ò ní mọ́tò tiẹ̀, lọ́wọ́ bọ̀dá yìí fún Nikon D3200, mi ò sì mọ̀. Ó wọ ẹnu ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ló ń fi yí i títí dòní, torí àwọn ìran D3000 àti D5000 ò ní mọ́tò nínú. AF-S, lẹ́ǹsì tó ní mọ́tò tiẹ̀ nínú, ni kẹ́ ẹ béèrè fún wọn.

Torí náà ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ o, ẹ mú káàdì àti bátìrì tó kún dání, ẹ yà á níbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Canon ní tiẹ̀ kì í sábà kọ iye yẹn sínú fọ́tò, wáyà lẹ máa fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Tẹ́ni tó ń tà á bá ní òun ò lè dúró, ẹ jẹ́ kó bá ọkọ̀ ẹ̀ lọ jàre. Kámẹ́rà àtijọ́ tí ṣọ́tà ẹ̀ ò tíì rìn jìnnà lẹ ti máa rí owó dá sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gúlúù sọ di tuntun.

Nọ́ńbà bọ̀dá yẹn ò lọ mọ́. Àmọ́ lánàá mo tún rí i tó ń polówó D7000, ₦195,000 ló wá pè é báyìí, fọ́tò tó sì fi síbẹ̀, kámẹ́rà tó wà lórí tábìlì mi níbí ni.