Àgbéyẹ̀wò: Àpótí iṣẹ́ nínú fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì mọ́tò ní Ìlú Ọba

Ní Nàìjíríà, ẹni tó fẹ́ ra third party fún mọ́tò ara rẹ̀ kò ní rí ẹni tó máa bi í bóyá tíṣà ni àbí télọ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ₦15,000 ni wọ́n fi lé e, kóówá ló ń san án. Ìlú Ọba kò mọ irú ẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe wà lára ohun tí wọ́n á bi yín kí wọ́n tó dárúkọ iye kankan. Àpótí tí ẹ ti máa dáhùn ìbéèrè yẹn, bó ṣe wà lórí Confused.com, MoneySuperMarket, Compare the Market àti GoCompare (àwọn ìkànnì tó ń fi iye owó ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wé ara wọn), ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, nítorí ọ̀rọ̀ kan péré nínú rẹ̀ lè yí owó padà láìjẹ́ pé mọ́tò tàbí àdírẹ́sì yí.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ tẹ lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orúkọ iṣẹ́ á tò wá sísàlẹ̀, ẹ mú ọ̀kan. Ẹ ò lè fọwọ́ ara yín kọ èyí tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á béèrè irú ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fojú fo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, méjèèjì ni wọ́n jọ fi ń ṣírò: síkiọ́ríìtì ilé ìwòsàn àti síkiọ́ríìtì ilé ijó lè má rí iye kan náà. Wọ́n á tún béèrè bóyá ẹ ní iṣẹ́ mìíràn tí ẹ fi ń kún un. Ẹni tó ń ṣe nọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀, tó wá ń ṣe síkiọ́ríìtì ní Sátidé, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kọ.

Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra iṣẹ́ kankan. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ jàǹbá àwọn oníbàárà rẹ̀, orúkọ iṣẹ́ sì dúró fún ohun tí fọ́ọ̀mù ò lè fojú rí: wákàtí tí ẹ ń wakọ̀, ibi tí ẹ ń páàkì sí, ohun tó wà nínú búùtù, ẹni tó jókòó tì yín. Ìdí nìyí tí owó agbábọ́ọ̀lù fi máa ń ga. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ agbábọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀; bí ẹsẹ̀ onítọ̀hún bá kán, owó iṣẹ́ tó pàdánù ń wá sọ́rùn ìnṣọ́ránsì. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2012 ni wọn ò ti gbọdọ̀ fi ọkùnrin tàbí obìnrin dá iye mọ́, àmọ́ iṣẹ́ kò sí nínú èèwọ̀ yẹn. Àkọsílẹ̀ kálukú sì yàtọ̀: orúkọ tó dín owó kù níbì kan lè bù kún un níbòmíràn.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìnṣọ́ránsì àtijọ́ tó parí, ẹ kún fọ́ọ̀mù náà tán, kí ẹ tọ́jú èsì àkọ́kọ́. Ẹ padà sí àpótí iṣẹ́ nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan iye máìlì, ẹ má fọwọ́ kan excess (iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa san bí ẹ bá béèrè owó jàǹbá), torí bí nǹkan méjì bá yí pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Iye márùn-ún àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti òkè pátápátá nìkan. Alásè ilé oúnjẹ lè rí “Chef” àti “Cook”. Nọ́ọ̀sì lè rí “Nurse” àti “Staff Nurse”. Ẹni tó jókòó sílé tọ́mọ lè rí “Unemployed” àti “Houseperson”, èkejì ló sì sábà máa ń fúyẹ́ lápò. Méjì tàbí mẹ́ta tó bá jẹ́ òótọ́ ti tó. Ẹ má yí i lógún ìgbà: àwọn kan ń ṣọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ ìdáhùn ṣáá, wọ́n sì lè kà á sí màgòmágó.

Ibi tí àpótí yìí ti ń dẹ pàkúté ni “carer”, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tàbí aláìsàn, iṣẹ́ tó kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí “Carer - Professional” àti “Carer - Non Professional” tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Èkejì kì í ṣe ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí o! Ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ láìgba owó iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń gba payslip lóṣooṣù, tó wá rò pé òun ò tíì ní NVQ (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ níbẹ̀), tó mú “Non Professional”, ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ láìmọ̀. Àwọn fọ́ọ̀mù kan ò kọ àlàyé kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fún un ní mẹ́ta nínú márùn-ún nìyẹn.

Àìmọ̀ yẹn sì ní owó tó ń náni. Lábẹ́ òfin oníbàárà ti ọdún 2012, bó bá jẹ́ àìfarabalẹ̀, tó jẹ́ £600 lẹ san níbi tó yẹ kí ẹ san £800, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n lè san fún yín: àtúnṣe £4,000 á di £3,000. Bó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni, wọ́n lè fagi lé gbogbo rẹ̀ bíi pé kò wáyé rí, kí wọ́n má sì dá owó yín padà. Wọ́n á ṣì san ti ẹni tí ẹ kọlù, àmọ́ wọ́n lè wá gbà á lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́ọ̀mù tí ẹ bá tún kún á máa bi yín bóyá wọ́n ti fagi lé ìnṣọ́ránsì yín rí.

Èyí tó wá ń ba ọ̀ràn jẹ́ jù kò tilẹ̀ sí nínú àpótí iṣẹ́. Ìbéèrè mìíràn ni: kí lẹ ń fi mọ́tò ṣe? “Social, domestic and pleasure” ni ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti òde àríyá. “Commuting” ni láti ilé sí ibi iṣẹ́ kan tí kì í yí padà (nígbà mìíràn, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, fífi commuting kún un á tún jẹ́ kó dínwó sí i). Ẹni tó ń ṣe care, tó ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn, kò sí nínú méjèèjì. Business use, ìyẹn fífi mọ́tò ṣiṣẹ́ láti ibì kan sí òmíràn, ló nílò. Ẹni tó ń fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé oúnjẹ tàbí ẹrù oníbàárà kiri, business use pàápàá kò bò ó, hire and reward, ìyẹn ti ẹni tó ń gbowó láti gbé ẹrù tàbí èèyàn, ni tirẹ̀. Èèyàn lè kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ pérépéré, kó sì wà lójú títì láìní ìnṣọ́ránsì. Ìtanràn £300 àti póìntì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ńsì ni, wọ́n sì lè wọ́ mọ́tò lọ. Bí láísẹ́ńsì Ìlú Ọba onítọ̀hún kò bá tíì pé ọdún méjì, póìntì 6 yẹn ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì retí iṣẹ́ ìyanu. Láísẹ́ńsì Nàìjíríà, tí òfin gbà fún oṣù 12 péré lẹ́yìn tí èèyàn bá di olùgbé, ló ń gbé owó sókè ju orúkọ iṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Tí ìwé ìnṣọ́ránsì bá dé, ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà, kí ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún yín àti fún awakọ̀ kejì tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí i, torí iṣẹ́ tirẹ̀ náà wà nínú ìṣirò. Ọjọ́ 14 lẹ ní láti yí ọkàn padà. Tí iṣẹ́ bá yí láàárín ọdún, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó wakọ̀ lọ síbi tuntun, kí ẹ sì wo iye tí wọ́n ń gbà fún àtúnṣe ìwé. Inú ìwé yẹn náà ló wà.