Àkọ̀ Ọ̀bẹ àti Bẹ́líìtì Aláwọ: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Náwó Lé?

Dídán ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá fẹ́ ra bẹ́líìtì tàbí àkọ̀ ọ̀bẹ. Àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kùn ún lọ́dà títí táá fi máa kọ mọ̀nà. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ awọ, níbi tí wọ́n ti gé e, ni òótọ́ ọjà náà wà. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí irú awọ tó jẹ́, bó ṣe nípọn tó, àti bóyá awọ kan ṣoṣo ni àbí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ mẹ́ta pọ̀. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gbẹ́ wò kò ní fi owó awọ ra páálí.

Mo ti ní ibi tí mo fì sí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n: awọ màlúù tí wọ́n fi èèpo igi ṣe ni mo fara mọ́ fún àkọ̀ ọ̀bẹ, ọwọ́ ni kí wọ́n sì fi rán an. Ti bẹ́líìtì kò le tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ṣeé fi owó pa mọ́ wà níbẹ̀, màá sì tọ́ka sí i.

Awọ eléèpo igi àti awọ oníkúróòmù

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe awọ tútù tí kò fi ní jẹrà. Ti àtijọ́ ni pé kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi, ewé tàbí èso tó ń fa nǹkan pọ̀. Ní Kánò, èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa ni wọ́n ń gún fún iṣẹ́ yìí, awọ ewúrẹ́ pupa Ṣókótó sì ni wọ́n fi ń ṣe jù. Láyé ìgbà tí ràkúnmí ń ru ẹrù la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, awọ yìí ń dé etí òkun lápá àríwá Áfíríkà, ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń rà á tí wọ́n fi ń pè é ní awọ Mòrókò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn: ní Colyton, ní Devon, èèpo igi óákù ni wọ́n ń lò, ó sì máa ń ju ọdún kan lọ kí awọ màlúù kan tó parí.

Ọ̀nà kejì ni ti iyọ̀ kúróòmù, ìyẹn iyọ̀ tó ń wá látara irin kan tó ń jẹ́ kúróòmù. Ní 1884 ni Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń gba èèpo igi ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, kúróòmù lè ṣe é láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nínú awọ tó wà lọ́jà káàkiri àgbáyé lónìí.

N kò bú awọ oníkúróòmù o. Ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúró dáadáa, omi díẹ̀ kì í sì dà á láàmú. Fún òkè bàtà, àpò àti jákẹ́ẹ̀tì, ó dára gan-an. Àkọ̀ ọ̀bẹ ni kò ti yẹ. Rírọ̀ tó mú kí àpò wuyì ni kì í jẹ́ kí àkọ̀ dúró: ẹnu rẹ̀ á wó, ṣóńṣó ọ̀bẹ á sì máa wá ibi tó máa gbà jáde. Iyọ̀ tó bá kù nínú rẹ̀ sì lè máa jẹ irin ọ̀bẹ díẹ̀díẹ̀. Awọ eléèpo igi ní tirẹ̀ le, tí wọ́n bá rẹ ẹ́ sómi tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọ̀bẹ, ìrísí ọ̀bẹ yẹn ló máa gbà tó bá gbẹ, kò sì ní fi í sílẹ̀ mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé omi máa ń yọ lára rẹ̀ bí àbàwọ́n, oòrùn àti ọwọ́ yín á sì sọ ọ́ di dúdú sí i. Àwọn kan kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ ẹ.

Báwo lẹ ṣe máa dá wọn mọ̀? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e. Ti kúróòmù sábà máa ń ní ìlà kan láàárín tó funfun tàbí tó rí bí eérú tó fẹ́ dà bí búlúù. Ti èèpo igi máa ń jẹ́ àwọ̀ igi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà bo ẹ̀gbẹ́ náà ńkọ́? Ẹ wo inú ihò bẹ́líìtì. Kò sẹ́ni tó ń ráyè kun inú ihò. Ẹ tan iná fóònù yín sí i, ẹ fi èékánná ṣí i díẹ̀, ẹ máa rí gbogbo ìpele tó wà nínú rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ kán omi ẹyọ kan sí ẹ̀yìn awọ: ti èèpo igi á mu ún, ojú ibẹ̀ á sì ṣókùnkùn lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn bẹ́líìtì

Ẹ má gbára lé àkọlé Genuine Leather. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé awọ wà nínú ọjà náà. Ojú awọ, ìyẹn apá ibi tí irun ti hù, ló lágbára jù nítorí ibẹ̀ ni fọ́nrán rẹ̀ ti há mọ́ra. Tí wọ́n bá là á sí méjì, apá ìsàlẹ̀ tó kù kò ní agbára yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n á da ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, wọ́n á tẹ àwòrán ojú awọ sí i, á sì rí bí ẹni ire. Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn tó lọ àjákù awọ kúnná, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ó, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Bẹ́líìtì irú ẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń sán nídìí ihò, tí ara rẹ̀ á sì máa bó.

Ẹ ṣẹ́ bẹ́líìtì náà po lọ́wọ́ yín, kí ojú awọ wà lókè. Ojúlówó máa ń yọ ìlà wẹ́wẹ́ tí kò bára wọn mu, bí ẹ bá sì jù ú sílẹ̀, wọ́n á parẹ́. Ike tí wọ́n dà bò ó á ṣẹ́ ní ìlà kan gbọọrọ, tàbí kí ìlà kankan má yọ rárá.

Ewúrẹ́ tàbí màlúù

Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́, ó rọ̀, ó sì lágbára ju bó ṣe tín-ín-rín lọ. Òun ni àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ fi ń ṣe ẹwà: wọ́n á gé pupa, dúdú àti funfun sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tò wọ́n léra lójú tìmùtìmù, lójú àkọ̀ idà, àti lójú làbà tí àwọn oníṢàngó ń gbé kọ́ èjìká. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn bí ọwọ́ wọn ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n awọ ewúrẹ́ nìkan kò lè gba ọ̀bẹ tó mú dúró. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe àkọ̀ tó ní iṣẹ́ ọ̀nà Ọ̀yọ́ fún yín, ẹ sọ ọ́ kó yé wọn pé awọ màlúù tó le ni kó wà nísàlẹ̀, kí ti ewúrẹ́ wá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lókè. Owó rẹ̀ á gòkè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ méjì ni wọ́n ṣe.

Ìránpọ̀: ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ owó ti pọ̀ jù, kò sì yẹ kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀ láìmọ ohun tẹ́ ẹ rà. Ẹ̀rọ ń lo òwú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn láàárín awọ. Bí ọ̀kan bá já, èyí tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Oníṣẹ́ ọwọ́ ń lo òwú kan tó ní abẹ́rẹ́ lórí méjèèjì. Yóò fi òòlu lu ihò, abẹ́rẹ́ kan á gba ọ̀tún wọlé, èkejì á gba òsì jáde nínú ihò kan náà, yóò fà wọ́n le, yóò sì bọ́ sórí ihò tó kàn. Torí náà, nínú gbogbo ihò ni òwú ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Tí ojú kan bá gé lónìí, apá kejì ṣì di awọ náà mú, ẹ sì ráyè gbé e padà fún àtúnṣe.

Òwú ọwọ́ sábà máa ń dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ díẹ̀ lójú awọ. Ti ẹ̀rọ máa ń tò lọ́nà kan gbọọrọ. Ojú mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú íǹṣì kan ló dára fún awọ tó nípọn. Ẹ má rò pé kó sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ ló dára, ihò tó pọ̀ jù á sọ ẹ̀gbẹ́ awọ di ibi tó rọrùn láti ya. Kí òwú náà jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ìda oyin pa.

Fún àkọ̀, ẹ san owó ìránpọ̀ ọwọ́. Fún bẹ́líìtì tó jẹ́ awọ kan ṣoṣo, ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ibi tí irin orí rẹ̀ wà nìkan ló nílò agbára. Ìyẹn ni ibi tẹ́ ẹ ti lè fi owó pa mọ́.

Inú àkọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Bó ṣe ń wó o gan-an nìyí: bẹ́ ẹ bá ti ń ki ọ̀bẹ bọlé, ojú rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti rán awọ méjèèjì pọ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan láàárín, ojú ọ̀bẹ ń fara kan òwú nígbà gbogbo, á máa gé e díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀gbẹ́ á fi là lọ́jọ́ kan tí ọ̀bẹ á sì yọ sí itan ẹni tó gbé e. Ohun tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé ó máa fi pẹlẹbẹ awọ tóóró kan sáàárín àwọn méjèèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fẹ́ rán láti ẹnu dé ìdí. Awọ àárín yìí ni ojú ọ̀bẹ máa kọ́kọ́ bá.

Ẹ gbé ẹnu àkọ̀ sókè, kẹ́ ẹ ka ìpele tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n rán. Mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ dá a padà, bó ti wù kí iṣẹ́ ọ̀nà rẹ̀ dára tó. Kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tí mo dúró lé tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bó ṣe di ọ̀bẹ mú. Àkọ̀ tó jìn, tó gba apá kan èèkù mọ́ra, kò nílò okùn. Ẹ ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé, ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ já bọ́. Èyí tó gba ojú irin nìkan gbọ́dọ̀ ní okùn awọ pẹ̀lú bọ́tìnnì. Mo fara mọ́ èyí tó jìn fún ọdẹ àti àgbẹ̀, nítorí bọ́tìnnì máa ń bàjẹ́, èèyàn sì máa ń gbàgbé láti dè é.

Àwọn àkọ̀ ike tó le, irú bíi Kydex, kì í mu omi, ẹ sì lè fọ̀ wọ́n. Fún alápatà àti apẹja, mo gbà pé ó sàn ju awọ lọ. Ó máa ń ha ara ọ̀bẹ, ó sì máa ń pariwo tẹ́ ẹ bá fà á yọ, ìyẹn kò sì dára fún ẹni tó ń dọdẹ.

Ohun kan fún àwọn ará wa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì: àkọ̀ kò sọ ọ̀bẹ di ohun tí òfin gbà. Láti ìgbà òfin 1988, ọ̀bẹ tí kì í ṣẹ́ po kò ṣeé gbé níta láìní ìdí tó gúnmọ́, bó ti wù kó kúrú tó.

Bẹ́líìtì

Awọ kan ṣoṣo tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin ni mo máa rà. Tó bá jẹ́ ìpele méjì tí wọ́n rán pọ̀, ó dára fún kóòtù, kí àwọn méjèèjì ṣáà jẹ́ awọ gidi. Ẹ bèèrè apá ibi tí wọ́n ti gé e lára ẹran. Awọ ẹ̀yìn kì í fà; ti ikùn máa ń fà, ihò kẹta tẹ́ ẹ ń lò lónìí á di ìkarùn-ún láìpẹ́. Ti ikùn ni ìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá rí wúruwùru bí òwú tó tú.

Fífẹ̀ tó bá ṣòkòtò jíǹsì mu ni sẹ̀ǹtímítà 3.8, ti kóòtù jẹ́ bíi 3.2. Tẹ́ ẹ bá máa fi àkọ̀ kọ́ ọ, ẹ mú 3.8, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ojú tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá lára àkọ̀ bá a mu gẹ́lẹ́. Bó bá fẹ̀ jù, àkọ̀ á máa jó kiri nídìí yín.

Irin orí rẹ̀: idẹ gidi wúwo, kì í sì í bó. Èyí tí wọ́n fi síńkì rọ tí wọ́n pa láró máa ń ṣẹ́ lójijì. Òòfà á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bó bá jẹ́ irin lásán ni wọ́n fi idẹ pa, àmọ́ kò ní mú síńkì, ẹ yáa fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀.

Ẹ má fi nọ́ńbà ṣòkòtò yín bèèrè bẹ́líìtì. Ẹ na èyí tẹ́ ẹ ń lò sílẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi tí awọ ti ṣẹ́ po mọ́ irin dé ihò tẹ́ ẹ ń lò, kí wọ́n fi ìyẹn ṣe ihò àárín nínú márùn-ún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín

Èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ kò burú fún bẹ́líìtì. Fún àkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ ọ̀bẹ yín. Ẹ gbé ọ̀bẹ gan-an fún oníṣẹ́. Àwòrán fóònù kì í sọ bí èèkù ṣe nípọn tó. Tí ẹ bá wà l'Ékòó, ẹ lè bá a lọ sí Mushin, níbi tí àwọn tó ń ṣe bàtà àti àpò ti ń ra awọ, kẹ́ ẹ fi ojú yín yan án. Ẹ má sì kán an lójú, awọ tí wọ́n rẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ gbẹ fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán, iná á sọ ọ́ di èyí tó ń kán.

Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ fi ìda oyin pa á, kì í ṣe òróró púpọ̀, òróró á jẹ́ kó rọ̀ jù. Ẹ má fi ọ̀bẹ sínú rẹ̀ fi pa mọ́ láàárín òjò, awọ ń fa omi mọ́ra, ọ̀bẹ á sì dípẹtà.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì lẹ ń lò, ẹ sọ ọ́ kí oníṣẹ́ tó gé awọ, nítorí àkọ̀ tí wọ́n ti rán fún ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé yí padà.