Snettisham: Kí Òkun Kún Ni àbí Kó Fà?

Ní oṣù kẹsàn-án, ẹyẹ aṣíkiri máa ń pọ̀ létíkun Snettisham ní Norfolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ kan ṣoṣo lo ní? Ìkún òkun ni kó o yàn.

Bí òkun bá fà, ẹrẹ̀ á tẹ́ lọ rẹrẹ, ẹyẹ á fọ́n káàkiri. Awò olójú méjì 8x42, tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ, kò ní tó. Olójú kan tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta lo nílò. Àsìkò yìí lo máa rí bí wọ́n ṣe ń jẹun: ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní curlew á ti ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé bọ ẹrẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, á fa ekòló jáde. Má tẹ ẹrẹ̀ náà o. Omi máa ń gba ẹ̀yìn yọ síni.

Bí òkun bá kún, pàápàá ní ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn òṣùpá tuntun tàbí àrànmọ́jú, omi á bo ẹrẹ̀ pátá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ etíkun tí wọ́n ń pè ní knot á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa yí bí èéfín, wọ́n á fò lórí rẹ kọjá sí adágún tó wà lẹ́yìn etíkun. Dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú ìkún. Òwúrọ̀ ló dára jù: ìwọ̀-oòrùn ni etíkun kọjú sí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á máa wọ̀ ọ́ lójú.