Sansui àbí Pioneer? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó ra ampilifáyà àtijọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ampilifáyà Jàpáànù àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ohùn orin lágbára kó tó dé sípíkà, ẹ ṣì mówó yín dání ná. Sansui àti Pioneer wà lára àwọn tẹ́ ẹ máa rí jù, iṣẹ́ tí kálukú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sì ṣì wà nínú ohùn wọn títí dòní.

Sípíkà ni Pioneer fi bẹ̀rẹ̀, Nozomu Matsumoto ló dá a sílẹ̀ ní Tokyo ní 1938, àmọ́ 1961 ni ilé iṣẹ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jẹ́ Pioneer. Tíránsífọ́mà ni Sansui ń ṣe ní tiẹ̀, Kosaku Kikuchi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1947, ní Tokyo náà, òkè àti omi ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Ẹ wá wo AU-717 tí wọ́n ṣe ní 1977, tíránsífọ́mà méjì ló wà nínú ẹ̀, ti òsì lọ́tọ̀ ti ọ̀tún lọ́tọ̀, ẹni tó bá ti fi gbọ́ ìyáàlù rí á mọ ohun tí mò ń sọ, ohùn ìlù yẹn máa ń mọ́, kì í há rárá. 85 watt ló ní lápá kan, ó sì tó.

Tó bá jẹ́ agbára lẹ ń wá, Pioneer ni. SX-1250 ti 1976 ní 160 watt lápá kan, SX-1980 ti 1978 gbé e dé 270, bíi kilo 35 ló wọ̀n, ẹ wá ẹni tó máa bá yín gbé e. Sansui náà fi G-33000 dá wọn lóhùn, 300 watt, àmọ́ ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Ẹ lè gba iye watt yìí gbọ́, torí láti 1974 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kò dà bíi ti páálí tuntun tí wọ́n kàn kọ 5000 watt sí lára.

Ibi tó ti le rèé. Gọ́ọ̀mù tí Sansui fi lẹ nǹkan mọ́ panel máa ń dúdú tó bá ti pẹ́, á wá máa jẹ ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń jẹ́ resistor tó wà nítòsí ẹ̀, torí náà ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀ níwájú yín, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti dúdú, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Ti Pioneer, ẹ ṣọ́ra fún SX-780, STK, ìyẹn ẹ̀yà kan tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ transistor pa pọ̀ sínú ẹ̀, ló ń gbé ohùn ẹ̀ jáde, tó bá jóná, ojúlówó ò rọrùn rí, féèkì ló kún ìta.

Iná ńkọ́? 100 volt ni ti Jàpáànù, 120 ni ti Amẹ́ríkà, tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, tí ò bá sí ibi tí wọ́n ti ń yí i sí 220 tàbí 240, ẹ ra step-down tó ń dín agbára iná kù mọ́ ọn. Mo ra ọ̀kan rí tí ẹni tó tà á ò sọ nǹkan kan fún mi, orin àkọ́kọ́ ò tíì parí tí èéfín fi bo yàrá, ó dùn mí títí dòní.

Ẹ má sì jẹ́ kí Sansui tó wà lára tẹlifíṣọ̀n òde òní tàn yín. Ilé iṣẹ́ Polly Peck ti Lọ́ńdọ̀n ra Sansui ní 1989, Polly Peck fúnra ẹ̀ sì wó ní 1990, Sansui ò bọ́ nínú ẹ̀ mọ́, orúkọ nìkan ló kù tó ń kiri.

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń tún rédíò ṣe tó mọṣẹ́ gan-an, AU-717 ni kẹ́ ẹ gbà. Tí ò bá sí, SX-850 ti Pioneer, 65 watt lápá kan, transistor lásán ló wà nínú ẹ̀, kò sí STK.