Tailscale fún database tó wà lọ́nà jíjìn: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní PostgreSQL (ètò database) ní ọ́fíìsì tẹ́ ẹ fẹ́ máa wọlé sí i láti ilé, ẹ gbìyànjú Tailscale jàre, ètò tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà yín pọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni, ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀ fún àdálò. Ó máa fún kọ̀ǹpútà méjèèjì, ti ọ́fíìsì àti ti ilé, ní àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, ẹ ò ní ṣí port 5432 (ẹnu ọ̀nà PostgreSQL) sílẹ̀ fún gbogbo ayé (olè pọ̀ níta o). Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò bá yín tún ètò wíwọlé inú PostgreSQL fúnra rẹ̀ ṣe rárá: tẹ́ ẹ bá rí "connection refused", ẹ yẹ listen_addresses wò (ètò PostgreSQL tó ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì tó ń gbọ́), localhost, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó wà lórí ẹ̀, nìkan ló máa ń gbọ́, ẹ yí i padà kó lè gbọ́ àdírẹ́ẹ̀sì 100 ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ sì restart PostgreSQL, tó bá wá ní "no pg_hba.conf entry", kì í ṣe password yín ló fà á, àdírẹ́ẹ̀sì 100 ti kọ̀ǹpútà ilé lẹ ò tíì kọ sínú pg_hba.conf, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọlé, reload lásán (kó tún fáìlì náà kà láì dúró) ti tó fún ìyẹn.