Mẹkáníìkì etí omi ní Ìwòpin: iṣẹ́ rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ gbé àga dání

Wọ́n ní ojú oró ní í lékè omi. Èyí tí mo pàdé kò lékè, inú ẹ̀rọ jet ski mi, alùpùpù orí omi, ló gbà lọ. Omi tó máa ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá ń kán tó, tó, áláàmù ń ké. Mo pa á kíá. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ ra òmíràn. Ẹ gbà mí o!

Bọ̀dá mẹkáníìkì ti Ìwòpin yìí kò tiẹ̀ mú sípánà. Ó wo ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa omi lábẹ́, ó fa ewé àti okùn ọ̀rá yọ níbẹ̀. Ó wá so họ́ọ̀sì mọ́ ọn: ó tan ẹ́ńjìnnì kó tó ṣí omi, ó sì ti omi kó tó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní béèyàn bá ṣe é sódì, omi lè wọnú ẹ́ńjìnnì. Yanrìn ló kọ́kọ́ jáde, kí omi tó tú yàà.

Owó rẹ̀ kò gani lára. Àmọ́ wákàtí 3 ni mo fi dúró dè é nínú oòrùn, kò sí àga kan ṣoṣo.